Ọ̀pá kan ni tàbí ọ̀pá méjì? Bí a ṣe ń yan ọ̀nà tí joystick yóò fi darí mọ́tò róbọ́ọ̀tì

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ládùúgbò wa gbé róbọ́ọ̀tì tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò wá bá mi. Táyà méjì wà lẹ́yìn, róòlà kékeré kan wà níwájú, Arduino Uno, pátákó kékeré tí kóòdù ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, jókòó sáàárín, wáyà gígùn kan sì so joystick, ọ̀pá ìdarí, mọ́ ọn. Ó ní, "Bùọ̀dá, mo ní kó lọ síwájú, ó ń pòòyì." Wọ́n ti pààrọ̀ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, bàbá rẹ̀ sì ti ra bátìrì tuntun. Àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó nínú kóòdù. Mọ́tò apá ọ̀tún kẹ̀yìn sí ti apá òsì, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan náà ló ń fún àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń fà síwájú, èkejì ń fà sẹ́yìn. Kí ni róbọ́ọ̀tì fẹ́ ṣe ju kó pòòyì lọ?

(Kí ẹ má ṣì mí gbọ́: mọ́tò tí mò ń wí kì í ṣe ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí iná bátìrì ń yí ni, irú èyí tó wà nínú ohun ìṣeré ọmọdé.)

Orí ohun èlò la sábà máa ń náwó sí nídìí iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ inú ìlà kóòdù bíi mẹ́wàá ni bí róbọ́ọ̀tì yóò ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀ wà. Nítorí náà, inú kóòdù ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yìí. Tó bá yá, a ó dé ọjà.

Ohun tí joystick ń sọ, ohun tí mọ́tò ń gbọ́

Joystick ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Nínú joystick kékeré tí wọ́n ń pè ní KY-023, ohun méjì ló wà tó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ́nọ́bù tí à ń yí láti gbé ohùn rédíò sókè: ọ̀kan fún iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kan fún òsì àti ọ̀tún. Bí ẹ bá ṣe ń ti ọ̀pá náà ni agbára iná tó ń ti inú ẹ̀ jáde á máa lọ sókè sódò, tí Arduino Uno á sì máa kà á sí nọ́ńbà láti 0 dé 1023. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó yẹ kó dúró sí nǹkan bí 512, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó dúró síbẹ̀ gan-an. Òmíràn á ní 498, òmíràn á ní 521, òmíràn á sọ ọ̀kan láàárọ̀, á sọ òmíràn lálẹ́.

Ní ti mọ́tò, nọ́ńbà 0 dé 255 ni analogWrite, àṣẹ inú kóòdù tó ń fún un ní iná, ń gbà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ á yé ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé lábẹ́ NẸ́PÀ: Uno á mú iná wá, á tún mú un lọ, nǹkan bí ìgbà 490 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. (Lórí ẹsẹ̀ 5 àti 6, ìyẹn pin tí à ń ki wáyà bọ̀ lára Uno, nǹkan bí ìgbà 980 ni.) Bí àkókò tí iná fi wà bá gùn ju àkókò tí kò sí lọ, mọ́tò á sáré. Bó bá kúrú, á rọra. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé Uno kì í yẹ àdéhùn.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni kóòdù wa ń ṣe láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí n sọ nọ́ńbà joystick di −1 dé 1, kí 0 jẹ́ ìdúró. Ẹ ka ibi tí ọ̀pá dúró sí nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan róbọ́ọ̀tì, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tí ẹ bá kà lẹ́yìn náà, kí ẹ wá fi 512 pín in. Láti ibẹ̀ lọ, ọgbọ́n tó bá ṣiṣẹ́ lára róbọ́ọ̀tì inú páálí á ṣiṣẹ́ lára èyí tó wúwo ju ènìyàn lọ.

Àwọn tó ti bá ọmọ wọn dé ìdíje róbọ́ọ̀tì FIRST Robotics Competition (FRC) ní Amẹ́ríkà á rántí pé nọ́ńbà −1 dé 1 yìí gan-an ni WPILib, àkójọ kóòdù tí àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ ń lò, máa ń fún wọn. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ o. Bí ẹ bá ti ọ̀pá síwájú, −1 ló máa sọ, kì í ṣe 1. Ẹni tí kò bá mọ̀, ẹ̀yìn ni róbọ́ọ̀tì ẹ̀ á kọ́kọ́ sá lọ. Ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú ẹ̀, ó parí.

Ọ̀pá méjì, ọ̀pá kan, àti ọ̀nà kẹta

Róbọ́ọ̀tì táyà méjì ò ní táyà tó ń ṣẹ́ sọ́tùn-ún sósì bíi ti ọkọ̀. Kí apá kan sáré ju èkejì lọ ni gbogbo ọgbọ́n tó ní láti fi yà. Ohun tí a wá fẹ́ pinnu ni bí ọwọ́ ènìyàn yóò ṣe sọ fún apá méjèèjì iye tí wọn yóò sá.

Ọ̀nà kìíní ni ọ̀pá méjì, tí wọ́n ń pè ní tank drive. Ọ̀pá òsì fún mọ́tò òsì, ọ̀pá ọ̀tún fún mọ́tò ọ̀tún. Bí ẹ bá ti wo awakọ̀ katapílà àtijọ́ níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, tó ń fọwọ́ méjì fa irin méjì, ẹ ti rí i. Kóòdù ẹ̀ ò ju ìlà méjì lọ, kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe máa ń fi í dán wáyà wò: bí mo bá ti ọ̀pá òsì tí táyà ọ̀tún sì yí, mo ti mọ̀ pé wáyà ti gba ọ̀nà ara wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ náà á tètè lóye ẹ̀.

Ibi tó ti ń dani láàmú ni ojú ọ̀nà tó gùn. Kí róbọ́ọ̀tì tó lè lọ tààrà, àtàǹpàkò méjèèjì gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá dọ́gbadọ́gba, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ènìyàn ò dọ́gba. Á máa ta gọ́ọ́gọ́ bí ẹni tó ti bá wọn jókòó sídìí agbè ẹmu láti ọ̀sán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ méjèèjì ti há sídìí ìwakọ̀. Bí róbọ́ọ̀tì náà bá ní apá tó fẹ́ gbé nǹkan, èwo lẹ máa fi darí apá?

Ọ̀nà kejì ni ọ̀pá kan, arcade drive. Títì síwájú jẹ́ eré, títì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ yíyà. Irú joystick tó wà lára kẹ̀kẹ́ arọ oníná ni, èyí tí ẹni tó jókòó lórí ẹ̀ fi ń fìka méjì darí gbogbo ara kẹ̀kẹ́. Gbogbo ìṣirò ẹ̀ rèé, mo fi Yorùbá sọ orúkọ àwọn nọ́ńbà inú ẹ̀ (siwaju ni eré, iya ni bí ẹ ṣe fẹ́ yà tó, kì í ṣe ìyà tó ń jẹni):

```
float osi  = siwaju + iya;
float otun = siwaju - iya;
float ju = max(1.0, max(fabs(osi), fabs(otun)));
osi  = osi / ju;
otun = otun / ju;
```

Ìlà méjì àkọ́kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Mẹ́ta tó kẹ́yìn lọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀. Ká ní ẹ ti ọ̀pá síwájú pátápátá, 1, tí ẹ sì fẹ́ yà sọ́tùn-ún díẹ̀, 0.5. Mọ́tò òsì á gba 1.5, ti ọ̀tún á gba 0.5. Mọ́tò ò lè sá ju 1 lọ. Bí ẹ bá kàn gé 1.5 yẹn kúrú sí 1, apá òsì tó yẹ kó sá ní ìlọ́po mẹ́ta apá ọ̀tún á wá máa sá ní ìlọ́po méjì, róbọ́ọ̀tì á sì fẹ ìyà ẹ̀ ju bí ẹ ṣe ní in lọ́kàn. Ògiri ló máa sọ fún yín. Bí ẹ bá fi èyí tó pọ̀ jù pín àwọn méjèèjì, ẹ ó ní 1 àti 0.33, ìlọ́po mẹ́ta náà kò sì yingin. Eré dín díẹ̀, ìyà pé.

Bí ẹ bá ń lo pádì eré bíi ti Xbox tàbí PlayStation, ẹ lè pín ọ̀pá kan yìí sọ́wọ́ méjì: eré sí òsì, ìyà sí ọ̀tún. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Àtàǹpàkò tó ń ti nǹkan síwájú kì í ṣàì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ bá sì wà lórí ọ̀pá kan náà, róbọ́ọ̀tì á máa yà láìjẹ́ pé ẹ rán an. Ìṣirò ò yí padà rárá.

Ọ̀nà kẹta ni curvature drive. Àwọn ará FRC mọ̀ ọ́n sí Cheesy Drive, nítorí ẹgbẹ́ 254, The Cheesy Poofs, láti San Jose ní California. Nínú arcade, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ń sọ bí róbọ́ọ̀tì ṣe máa yí kíá tó. Nítorí náà, ibi kan náà tí ẹ ti ọ̀pá sí á fún yín ní ìyà tó ká kò bí ẹ bá rọra ń lọ, àti ìyà tó fẹ̀ bí ẹ bá ń sáré. Nínú ọ̀nà kẹta, wọ́n á kọ́kọ́ fi eré lọ́po ìyà, débi pé ibi tí ẹ ti ọ̀pá sí ló ń sọ bí ìyà náà ṣe fẹ̀ tó, ẹ sáré ni o, ẹ rọra ni o. Ó ń rí bíi ká máa wa ọkọ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé òdo lọ́nà ohunkóhun, òdo náà ni: bí róbọ́ọ̀tì bá dúró, kò ní lè yí lójú kan, àfi kí ẹ ya bọ́tìnnì kan sọ́tọ̀ fún ìyẹn.

| | Ọ̀pá méjì | Ọ̀pá kan | Ọ̀nà kẹta |
|---|---|---|---|
| Lílọ tààrà | Ó ṣòro | Ó rọrùn tí ẹ bá pín in sọ́wọ́ méjì | Ó rọrùn |
| Yíyí lójú kan | Ó rọrùn jù lọ | Ó rọrùn | Bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ ni |
| Eré líle | Kò fọkàn balẹ̀ | Ó dára | Òun ló dára jù |
| Ẹni tó yẹ fún | Ẹni tó ń dán wáyà wò, ọmọdé | Gbogbo ènìyàn | Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ́ ọn |

Bí ẹ bá bi mí, ẹ fi ọ̀pá méjì dán róbọ́ọ̀tì wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sún sórí ọ̀pá kan lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì gbàgbé ọ̀nà kẹta títí yàrá yín á fi kéré fún róbọ́ọ̀tì.

Ìlà tó nà tàbí ìlà tó tẹ̀

Ìpinnu yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí ènìyàn sọ pé róbọ́ọ̀tì kan "gbọ́ràn" tí òmíràn sì "lágídí". Bí ọ̀pá bá wà ní ìdajì, ṣé ìdajì eré náà ni kí mọ́tò sá?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá yan ìlà tó nà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ rọra sún róbọ́ọ̀tì mọ́ nǹkan, tí ẹ kàn fọwọ́ kan ọ̀pá díẹ̀, 0.2, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo agbára ló máa fi fò lọ.

Ìlà tó tẹ̀ ń fi nọ́ńbà lọ́po ara ẹ̀. 0.2 lọ́nà 0.2 jẹ́ 0.04. 0.5 á di 0.25. 1 á ṣì jẹ́ 1, eré tó pọ̀ jù kò sì bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ti wá ní àyè púpọ̀ fún ìrìn jẹ́jẹ́ láàárín ọ̀pá. Onígángan mọ irú ẹ̀: inú fífún un díẹ̀díẹ̀ ni èdè ìlù wà, kì í ṣe ibi tó ti fún un dópin. Ẹ ṣọ́ra fún àmì o: −0.5 lọ́nà −0.5 jẹ́ 0.25, ẹ̀yìn ti di iwájú nìyẹn. Ẹ lè fi fabs, àṣẹ tó ń yọ àmì ìyọkúrò kúrò lára nọ́ńbà, ṣe é, kí ẹ kọ `x * fabs(x)`. Àwọn mìíràn ń lọ́po ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 0.5 á di 0.125, àmì á sì dúró fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rọ jù fún ọwọ́ tèmi. Nínú WPILib, arcadeDrive àti tankDrive ti ń lọ́po ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ní kí wọ́n má ṣe é, nítorí náà ẹ má lọ́po ohun tí wọ́n ti lọ́po.

Ìṣòro kan wà lára àwọn mọ́tò aláwọ̀ ìyeyè olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wa ń lò. Wọn kì í mira tí nọ́ńbà bá kéré. Wọ́n á kàn máa kùn bí ẹ̀fọn. Tèmi kì í gbéra kó tó dé nǹkan bí 70 nínú 255. Bí ẹ bá wá tẹ ìlà náà, ìdajì ọ̀pá ò ní gbé yín dé ibẹ̀, ẹ ó sì rò pé joystick ti bàjẹ́. Ẹ wá nọ́ńbà tí mọ́tò tiyín fi ń gbéra, kí ẹ jẹ́ kí ohun gbogbo tó bá ju òdo lọ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: ẹ na 0 dé 1 sórí 70 dé 255, kì í ṣe sórí 0 dé 255.

Ẹ má da ìyẹn pọ̀ mọ́ àyè ìdákẹ́ ti joystick, èyí tí wọ́n ń pè ní deadband. Ti mọ́tò jẹ́ ibi tí kò lágbára láti mira; ti joystick jẹ́ ibi tí àwa fúnra wa ní kó má sọ̀rọ̀, nítorí kì í padà sí àárín gan-an. WPILib fi 0.02 sílẹ̀ fún un. KY-023 nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń lo 0.06, àwọn tó ti gbó sì nílò 0.1. Bí ẹ kò bá fi àyè yìí sílẹ̀ tí ẹ sì ti fi 70 ṣe ìbẹ̀rẹ̀, róbọ́ọ̀tì á máa rìn lójú ara ẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tàbí díẹ̀díẹ̀

Bí ẹ bá ti ọ̀pá síwájú pátápátá, tí ẹ sì fà á sẹ́yìn lójijì, mọ́tò á fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bátìrì á wó, Uno á kú, á tún jí. Àwọn tó rí i ń pè é ní kóòdù tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí eré má lè yí padà ju ìwọ̀n kan lọ nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan tí kóòdù bá yípo, ó tán. Ohun tí ẹ máa san fún un ni pé róbọ́ọ̀tì á pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró, nítorí náà, mo máa ń jẹ́ kí eré ẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kó dúró kíákíá. Róbọ́ọ̀tì FRC náà ò bọ́ nínú ẹ̀: bí bátìrì 12V wọn bá wó dé nǹkan bí 6.3V, roboRIO àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà tó ń darí róbọ́ọ̀tì náà, á pa mọ́tò kí òun fúnra ẹ̀ má bàa kú.

Ẹ̀rọ tó ń ka yíyí táyà, tí a fi lè sọ fún mọ́tò pé "sá báyìí" dípò "gba iná báyìí", dára gan-an. Àmọ́ bí joystick bá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn, ojú ẹni náà ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi owó yẹn ra bátìrì.

Tí ẹ bá dé ọjà

Arduino ò lè gbé mọ́tò fúnra ẹ̀, ó ní láti ní agbódegbà, ìyẹn motor driver, tí yóò máa gbé iná bátìrì fún mọ́tò. L298N ló wọ́pọ̀ jù ní Alábà, èyí tó ní irin dúdú ńlá lẹ́yìn. Òjẹun ni. Ó ń jẹ nǹkan bí 2V nínú iná kó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, ìyẹn ni irin ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe ń gbóná. Bí bátìrì yín bá jẹ́ 6V, 4V ló kù fún mọ́tò. TB6612FNG kéré bí èékánná méjì, ohun tó ń jẹ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n 1.2A ló lè gbé láìdúró fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan, níbi tí L298N ti lè gbé 2A. Fún mọ́tò aláwọ̀ ìyeyè, TB6612FNG ni kí ẹ mú láìwẹ̀yìn. Fún mọ́tò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì ò tó.

Bí ẹ bá fẹ́ já wáyà kúrò, tí ẹ fẹ́ fi pádì PlayStation 4 darí ẹ̀, ẹ ra ESP32, pátákó mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ Uno, kí ẹ sì wo orúkọ ẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. ESP32 ti àkọ́kọ́ ní Bluetooth àtijọ́ tí pádì yẹn ń sọ. ESP32-C3 àti S3 ò ní in. Wọ́n tuntun jù ú lọ, ẹlòmíràn á sì tà wọ́n fún yín bí ẹni tó ń ṣe yín lóore, ṣùgbọ́n pádì ò ní rí wọn láéláé. Ẹ rántí pé 3.3V ni ESP32 ń lò. Bí ẹ bá so KY-023 mọ́ ọn, ẹ má fún joystick ní 5V, ẹsẹ̀ tó ń kà á lè jóná.

Bí joystick bá dákẹ́

Wáyà ní oore kan tí a kì í mọ̀ títí a ó fi yọ ọ́ kúrò: róbọ́ọ̀tì ò lè lọ jù ú lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lo nRF24L01, rédíò kékeré tó ń gbé ọ̀rọ̀ joystick láìsí wáyà, bátìrì ọwọ́ mi kú nígbà tí mo ti ọ̀pá síwájú pátápátá. Ohun tí róbọ́ọ̀tì gbọ́ kẹ́yìn ni "sáré", kò sì gbọ́ ohun mìíràn. Inú gọ́tà ni mo ti lọ gbé e.

Bluetooth inú ESP32 lè sọ fún kóòdù pé pádì ti lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. nRF24L01 kì í sọ nǹkan kan. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ máa wo aago:

```
if (millis() - igbaIkeyin > 250) {
  osi = 0;
  otun = 0;
}
```

Bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan bá ti kọjá láìgbọ́ ohùn joystick, dúró. WPILib le jù mí lọ: bí kóòdù ò bá bá mọ́tò sọ̀rọ̀ láàárín ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, á pa á.

Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ gbé róbọ́ọ̀tì lé orí agolo mílíìkì kí táyà ẹ̀ má kan ilẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá síwájú pátápátá, kí ẹ yọ bátìrì ọwọ́ yín lójijì. Bí táyà bá ṣì ń yí lẹ́yìn tí ẹ ti ka "ení, èjì", ẹ má gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí agolo.